Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe fáyólíìnì ní Àjàṣẹ́: igi wo, gúlúù wo, àsìkò wo?

Tíṣà Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́, iṣẹ́ igi ni mo sì fi ń gbádùn ara mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti kan àga, tábìlì àti àpótí ìwé fún ilé ara mi, ọwọ́ mi ti mọ ayùn àti ìfági dáadáa. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ fáyólíìnì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Èyí tó ń lò, ti ìjọ ni, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń pín in lò. Mo fẹ́ ṣe tirẹ̀ fún un, ìwọ̀n ti àgbà, torí apá rẹ̀ ti gùn tó o.

Mo ti ka ohun tí mo rí kà lédè Faransé. Gbogbo wọn ló ń sọ pé igi épicéa (spruce) ni ojú, igi érable (maple) ni ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn, ẹ́bónì sì ni pákó tí ìka ń tẹ̀. Épicéa àti érable kò sí nílẹ̀ wa. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni tíìkì, ìrókò díẹ̀, ọ̀gánwó, àti pákó mẹlínà kan tó ti pẹ́ nínú ilé. Ṣé kí n fi igi ilé bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n dúró de igi òkèèrè? Gúlúù wo ni kí n lò? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, tàbí tó ti tú u palẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Agbẹ́gi Kétu:
Tíṣà, ẹ kú ìrònú. Igi Gẹ̀lẹ̀dé ni wọ́n kọ́ mi ní gbígbẹ́ níbí ní Kétu, láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí gìtá àti fáyólíìnì. Ẹ má dúró de igi òkèèrè. Ọwọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń kọ́, igi ilé sì tó ọwọ́ kọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi ilé. Òróró wà lára tíìkì, gúlúù kì í fẹ́ dì í mú, ó sì wúwo ju ohun tí ojú fáyólíìnì ń fẹ́ lọ. Ìrókò, ká tiẹ̀ fi ti pé àwọn àgbà ń bọ ọ́ sílẹ̀, eruku rẹ̀ a máa ta èèyàn nímú, a máa fa ikọ́ àti ara yíyún. Nínú iṣẹ́ fáyólíìnì, híha igi pọ̀ ju gígé lọ, ojú yín á sì súnmọ́ igi náà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ fi ìrókò yẹn kan tábìlì. Kódà bí mẹlínà lẹ bá ń ha, ẹ bo imú yín.

Ọ̀gánwó dára fún ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn, bí ẹ bá rí èyí tí iṣan rẹ̀ tọ́. Iṣan rẹ̀ a máa lọ́ mọ́ra, ìfági á máa fà á ya, ẹ̀gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa dá nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fọwọ́ ra pákó náà lọ síwá sẹ́yìn kí ẹ tó gé e. Bó bá ń dán lọ síhìn-ín tó ń ha yín lọ́wọ́ lọ sọ́hùn-ún, tí ìlà tó tẹ̀lé e sì ń ṣe òdìkejì, ẹ wá òmíràn.

Fún ojú, ẹ dán àwọn igi yín wò kí ẹ tó yàn. Ẹ gé ọ̀pá kan láti ara igi kọ̀ọ̀kan: gígùn 40 cm, fífẹ̀ 3 cm, nínípọn 5 mm, kí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orí àti ìdí ọ̀pá lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, kí ẹ so ike omi lítà kan mọ́ àárín rẹ̀, kí ẹ fi rúlà wo bó ṣe tẹ̀ tó. Igi tó fúyẹ́ tí kò sì fẹ́ tẹ̀ ni ojú fáyólíìnì ń wá. Ìdí tí wọ́n fi ń lo épicéa ní Yúróòpù nìyẹn, kì í ṣe pé igi mímọ́ ni. Arère wa fúyẹ́ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò le tó o, bí ẹ bá gbẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ bíi épicéa, afárá, igi kékeré tó ń gbé okùn ró lórí ojú, á rì wọ inú rẹ̀.

Ẹ wo ìdí pákó náà pẹ̀lú. Ìlà ọdún igi gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn. Ẹ là á sí méjì, kí ẹ jẹ́ kí apá tó súnmọ́ èèpo lára méjèèjì pàdé láàárín.

Ohun kan tó máa ń múnú mi dùn: ọdún 2012 ni UNESCO kọ iṣẹ́ fáyólíìnì ìlú Cremona ní Ítálì sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé. Gẹ̀lẹ̀dé tiwa ti wà nínú ìwé yẹn láti 2008. Ọwọ́ tó ń gbẹ́ igi nílé wa kì í ṣe ọwọ́ kékeré.

Atúnṣe Ouando:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Fáyólíìnì àwọn ìjọ ni mò ń túnṣe, láti Ouando títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti gúlúù ná, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù.

Ẹ má fi kọ́ọ̀lù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò lẹ ojú àti ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀gbẹ́. Fáyólíìnì kò sí tí a kì í ṣí. Lọ́jọ́ kan ọ̀pá inú rẹ̀ á tú, tàbí pákó ojú á là, a ó sì ní láti ṣí i. Èyí tí wọ́n bá fi kọ́ọ̀lù funfun lẹ̀, bí mo bá ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, igi ló ń ya, kì í ṣe gúlúù. Àwọn kan ti dé ọwọ́ mi tí ohùn wọn dára, tí mi ò sì rí ohunkóhun ṣe sí wọn mọ́ torí gúlúù yẹn. Ó máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́.

Gúlúù awọ ni kí ẹ lò. Bí ẹ kò bá rí i rà, gélatine tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe àkàrà òyìnbó, ohun kan náà ni, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé kò sí ṣúgà tàbí òórùn dídùn nínú rẹ̀. Àwọn tó ń fi awọ bo ìlù náà máa ń ní àjẹkù awọ tí ẹ lè sè. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù títí yóò fi wú tó rọ̀. Ẹ gbé agolo rẹ̀ sínú ìkòkò omi gbígbóná, má ṣe gbé e lé iná tààrà. Kó gbóná dé nǹkan bíi 60 °C, kó má hó rárá. Tó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ yá igi méjèèjì níná díẹ̀ kí ẹ tó fi kàn wọ́n, torí gúlúù awọ kì í dúró deni, ó ń dì bó ṣe ń tutù. Ẹ ti gbìyànjú gbogbo ìdè yín, ohun tí ẹ máa fi há igi pọ̀, láìsí gúlúù kí ọjọ́ náà tó dé, kí ọwọ́ yín má wá máa wá nǹkan kiri.

Èyí tí ẹ máa fi lẹ ojú, ẹ fi omi là á ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí igi bá fẹ́ sún, ẹ jẹ́ kí ojú lílẹ̀ ló tú, kí pákó má là. Ojú lílẹ̀ tó tú, ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń dí i.

Ó wá ku ìwọ̀n. Gígùn ara rẹ̀ 356 mm. Ẹ̀gbẹ́ ga 32 mm nísàlẹ̀, ó ń lọ sí 30 mm lápá ọrùn, pákó ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀ kò nípọn ju 1 mm lọ. Láti etí ojú lókè dé ibi tí afárá ń dúró, 195 mm. Ọrùn láti etí kan náà dé ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀, 130 mm. Ẹ má yí méjèèjì yìí padà, torí wọ́n jọ ń rìn ni, mẹ́ta sí méjì. Bí ẹ bá yí wọn, ìka ọmọ yín tó ti mọ ti ìjọ máa ń ṣìnà lórí tirẹ̀.

Níní ojú nípọn, épicéa ń lọ sí bíi 3 mm tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ̀yìn, 4.5 mm láàárín, kó máa fẹ́lẹ́ lọ sí 2.5 mm lẹ́bàá etí. Mẹlínà yín, ẹ dúró ní 3.5 mm fún ojú ná. Ẹ̀yin lẹ lè yọ kúrò, kò sẹ́ni tó lè fi kún un.

Ọmọ Sábẹ̀:
Mo kí gbogbo yín láti Sábẹ̀. Ẹ ti sọ̀rọ̀ igi àti gúlúù, ẹnìkan kò tíì sọ ti ọyẹ́. Láti oṣù Ọ̀pẹ dé oṣù Èrèlè, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ń fẹ́ ní ìlú wa débi pé ilẹ̀kùn tó há nígbà òjò á máa yọ̀ nínú férémù rẹ̀. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn, ìbú ló ń súnkì. Ojú fáyólíìnì, ẹ̀gbẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dì í mú yíká. Bí ẹ bá dé àpótí rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ lẹ ojú mọ́ ẹ̀gbẹ́, nínú oṣù Òkúdù tí igi ti mu omi òjò yó, bí ọyẹ́ bá dé, kò rí ibi súnkì sí, ó di kó là láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àjàṣẹ́ tiẹ̀ tún wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin ibẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Torí náà, ẹ gbẹ́ igi yín nígbà òjò bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi dé e. Kí ẹ tó gbẹ́ ẹ pàápàá, ẹ gbé pákó náà sínú yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ iye rẹ̀ sí i lára. Nígbà tí iye yẹn bá dúró tí kò yí mọ́, igi ti gbẹ dé ibi tó máa gbẹ dé nínú ilé yín.

Atúnṣe Ouando:
Òótọ́ ni Ọmọ Sábẹ̀ sọ, mo fi àtùpà rẹ̀ kún tèmi. Àtúnṣe kan péré: ẹ má dé e láàárín gbùngbùn ọyẹ́. Gúlúù awọ á ti dì kí ẹ tó mú ìdè kejì, bó bá sì di ìgbà òjò, ojú á wú jù. Ẹ dé e nígbà tí òjò kejì bá ti lọ tí ọyẹ́ kò sì tíì le.

Ìyá Akọrin:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò mọ igi, mo mọ ọmọ tó ń lu fáyólíìnì. Tíṣà, ọrùn ni kí ẹ fọwọ́ sí dáadáa. Ọrùn tó sanra máa ń rẹ ọmọ lọ́wọ́ kí orin tó parí. Níbi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀, kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju 24 mm lọ. Ẹ gbé fáyólíìnì ìjọ sọ́wọ́, kí ẹ fi kálípà wọ̀n ọrùn rẹ̀ níbi mẹ́ta, kí tiyín má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti pé ó wúwo náà: fáyólíìnì tó dára kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 450 g pẹ̀lú ibi tí àgbọ̀n ń sinmi sí. Ọmọ á máa gbé e sí èjìká fún gbogbo ìsìn o.

Ti ẹ́bónì, mo rántí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá Oschoffa tó dá Ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ níbí ní 1947, ẹ́bónì ni wọ́n sì wá wọ igbó lọ nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá wọn. Iṣẹ́ igi kì í ṣe àjèjì sí ìlú yìí.

Tíṣà Àjàṣẹ́:
Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe ìdánwò ọ̀pá tí Agbẹ́gi Kétu sọ. Mo wá arère kún un láti fi wé. Arère ló fúyẹ́ jù, ṣùgbọ́n òun náà ló tẹ̀ jù. Mẹlínà wúwo díẹ̀ ju arère lọ, kò sì tẹ̀ tó o. Ọ̀gánwó le, àmọ́ ìwúwo rẹ̀ kò jẹ́ kó yẹ ojú. Mẹlínà ni mo mú fún ojú, ọ̀gánwó fún ìyókù.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Dùùrù píánò kan ti bàjẹ́ ní ilé ìwé kan, wọ́n ní kí n kó igi rẹ̀. Ṣé ó wúlò? Ìkejì, báwo ni màá ṣe tẹ ẹ̀gbẹ́ láìní ẹ̀rọ? Ìkẹta, mi ò ní ẹ́bónì, mi ò sì fẹ́ ra èyí tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti gé e.

Atúnṣe Ouando:
Ẹ sáré lọ kó píánò yẹn kí wọ́n tó fi dáná! Pákó ńlá tó wà lẹ́yìn okùn rẹ̀, épicéa ni sábà máa ń jẹ́. Kò nípọn tó láti fi gbẹ́ ojú fáyólíìnì tó ń ga sókè bíi 15 mm láàárín, nítorí náà ẹ má tan ara yín. Ohun tí ẹ máa mú ni àwọn ọ̀pá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pákó náà. Nínú wọn ni ẹ ó ti rí ọ̀pá tó ń wà lábẹ́ ojú, lápá okùn tó nípọn jù, ẹ ó sì tún rí òpó inú.

Òpó inú yẹn, àwọn kan ń pè é ní âme, òun ló ń gbé ohùn láti ojú lọ sí ẹ̀yìn. Roboto ni, bíi 6 mm ni ìbú rẹ̀. Ẹ kò ní lẹ̀ ẹ́. Há ni yóò há sáàárín ojú àti ẹ̀yìn, díẹ̀ sẹ́yìn ẹsẹ̀ afárá tó wà lápá okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì kó bá ìtẹ̀kọrọ̀ pákó mu, kó fara kàn án yíká, kì í ṣe ní ẹyọ ibì kan. Ihò tó wà lójú fáyólíìnì ni ẹ máa gbà gbé e wọlé, pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ pọ́n lórí tí ẹ sì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Sípóòkù táyà alùpùpù ni mo fi ṣe tèmi. Bí ẹ bá sún òpó náà ní ìdajì mìlímítà, ẹ ó gbọ́ ọ nínú ohùn. Ẹ má gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú ipá, torí ojú á wú sókè, á sì là níbẹ̀.

Fún pákó ìtẹ̀ka, igi apá le tó. Okùn máa ń gbẹ́ ọ̀nà sínú igi tó rọ̀, apá kò ní gbà fún un kíákíá.

Ìwọ̀n kan tún kù tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nígbà tí ẹ bá ń fi ọrùn sí i, ẹ tẹ́ rúlà gbọọrọ sórí pákó ìtẹ̀ka kó nà dé ibi afárá. Láti orí ojú dé ìsàlẹ̀ rúlà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ bíi 27 mm. Gbogbo okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa ọrùn yẹn pẹ̀lú agbára tó lé ní 20 kg, tọ̀sán tòru. Bó bá ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ okùn á ga ju ohun tí ìka lè tẹ̀ lọ.

Agbẹ́gi Kétu:
Ti ẹ̀gbẹ́: ẹ wá páìpù irin kan tó fẹ̀ bíi 4 cm, ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ inú ààrò èédú, kí ẹ de orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má yí. Ẹ kán omi sí i: bí omi náà bá ń fò tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Ẹ fi aṣọ tútù pa pákó ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lé páìpù, kí ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Bó bá ń le síbẹ̀, ẹ dúró, iná ni kò tíì wọ inú rẹ̀. Igun ibi tó tẹ̀ wọlé láàárín ló ń fa wàhálà jù, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ̀yìn pákó náà kó má bàa ya. Ẹ̀gbẹ́ ń jókòó sórí mọ́ọ̀dù pákó, àwọn ègé igi mẹ́fà ló sì ń dì í mú: mẹ́rin ní igun, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan nísàlẹ̀. Irú mọ́ọ̀dù inú bẹ́ẹ̀ ni Stradivari lò ní Cremona, àwọn tirẹ̀ ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ títí dòní, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti kú láti 1737.

Gbígbẹ́ ojú àti ẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ fi gouge, irin ìgbẹ́gi tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, gbẹ́ ẹ ní ìdábùú iṣan igi, kó má bàa fà ya. Bó bá ti súnmọ́ ìwọ̀n, ẹ fi abẹ ayùn àtijọ́ tí ẹ pọ́n máa ha á. Lálẹ́, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ rá lórí rẹ̀. Gbogbo kòtò àti gegele á fi òjìji ara wọn hàn. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí wọn, ẹ ha ibẹ̀ nìkan, ẹ tún gbé iná náà sí apá kejì. Nígbà tí òjìji bá ń ṣàn lọ láìdúró níbì kan, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀.

Ìdè tí ẹ máa fi dé àpótí rẹ̀, ẹ má náwó sí i. Ẹ ra bólìtì gígùn ní ibi tí wọ́n ń ta irin, ẹ gé ọ̀pá ìgbálẹ̀ sí ègé, ẹ gbẹ́ ihò sí wọn láàárín, ẹ fi awọ bo ojú wọn. Méjì sórí bólìtì kan, ìdè kan nìyẹn. Ẹ máa fẹ́ bí ọgbọ̀n wọn yíká. Rọ́bà inú táyà tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ náà dára láti fi di ibi tí bólìtì kò bá dé.

Ọmọ Sábẹ̀:
Ẹ dákun, ti fẹ́níìsì ńkọ́? Mo gbọ́ pé èèyàn kan ń po gomme laque, oje gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe fẹ́níìsì, mọ́ sódàbì, ọtí líle tí a ń fi ẹmu ṣe.

Atúnṣe Ouando:
Ẹ má ṣe é o. Omi pọ̀ nínú sódàbì, gomme laque kò ní yọ́ tán nínú rẹ̀, á funfun lára igi. Ọtí ilé oògùn tó jẹ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ lò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ kí ẹ tó tún kun òmíràn. Kíkùn tó nípọn ń di ohùn lẹ́nu. Ẹ má sì kun pákó ìtẹ̀ka tàbí inú àpótí.

Tíṣà, irin tí a fi ń fẹ ihò èèkàn tí okùn ń lọ́ mọ́, èyí tó ń tín-ín-rín lọ ní 1 sí 30, ẹ má rà á torí fáyólíìnì kan ṣoṣo, ó wọ́n. Tèmi wà nílẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ orí rẹ̀ tán, ẹ gbé e wá sí Ouando pẹ̀lú èèkàn yín, a ó jọ fẹ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀sán kan.

Tíṣà Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti kó píánò náà wálé. Mẹlínà ti wà nínú yàrá, mo sì ti kọ iye ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Bí mo bá tẹ ẹ̀gbẹ́ tán, màá gbé fọ́tò rẹ̀ síbí kí ẹ bá mi wo igun rẹ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́.